Ìbejì, Ìdòwú àti Tábìlì Aláṣọ Funfun: Ìrìn-àjò Wa sí Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ọjọ́bọ̀. Kétu sí Ìjẹ̀bú-Òde

Aago 6 kò tíì lù tí a fi jáde ní Kétu, l'Ékòó. Ẹni tó bá jẹ́ kí oòrùn bá òun ní Berger lọ́jọ́ iṣẹ́, inú mọ́tò ni yóò ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ọkọ mi ló ń wakọ̀, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ti London dé ló wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọmọ wa: Táyé àti Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún 5, àti Ìdòwú, ọmọ ọdún 2, tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni di òun lọ́wọ́ mú. Eyínfúnjowó ni mo ń pe àbúrò ọkọ mi láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn. "Ìyàwó" lòun náà ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí.

Òun ló dá ìrìn-àjò yìí sílẹ̀. Nígbà ọlidé àwọn ọmọ rẹ̀ tó kọjá, òun àti ọkọ rẹ̀ kó wọn wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ Disney ní Southampton, láti ìgbà náà ni a kò sì ti gbádùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń wọ ilé oúnjẹ ńlá, ó ní àwọn ọmọ òun jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n fi fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ jẹun, kò sẹ́ni tó sunkún. Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí a gbé tiwa lọ sí ìlú bàbá wọn ká dán an wò, òun ni yóò san owó oúnjẹ. Ta ni wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀ fún tí yóò lóun ò lọ?

Ọ̀nà dán títí a fi dé Ìbàfò, lẹ́yìn náà ni àwọn tírélà dí wa mọ́ títí a fi kọjá Mówè. A dé oríta Ṣágámù, níbi tí a ti ń yà sí ọ̀nà Bíní, nígbà tí ebi ti ń sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò. Bọ́ọ̀lì kan, ₦500. Arábìnrin tó ń ta ẹ̀pà inú ìgò rí orí méjì tó jọra wọn lójú fèrèsé, ló bá sọ tírè kalẹ̀. "Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn! Ẹ wá bá mi wo ọmọ!" Ó kì wọ́n títí wọ́n fi sá sábẹ́ ìjókòó. Ó gbé ìgò ẹ̀pà kan fún wa, ó tún fi ₦100 ₦100 lé wọn lọ́wọ́. Mo ní kó jọ̀wọ́ gba owó ẹ̀pà, ó ní ṣé mo fẹ́ kí òun má rí tà lónìí ni. Nígbà tí Ìdòwú na ọwọ́ tirẹ̀ jáde, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ₦50 sí i. Ó ní ẹni tó bá ń bọ Ìbejì, kó má gbàgbé èṣù lẹ́yìn wọn.

(Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbejì, ẹ fún wọn ní àpò kékeré kí ẹ tó kúrò nílé. Ọ̀nà Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú kò ní jẹ́ kí àpò náà ṣófo.)

Ìyá ọkọ mi ń gbé nítòsí gáréèjì Ìbàdàn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ti se ìkọ́kọrẹ́ sílẹ̀ dè wá. Ewùrà tí Màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ rin ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lọ̀ lẹ́rọ, ìdí nìyẹn tí kókó kéékèèké fi wà nínú rẹ̀, tí epo sì dúró yípo etí àwo. Ó ti yọ ti àwọn ọmọ sọ́tọ̀ kó tó da ata sí i. Ìdòwú jẹ tirẹ̀ tán, ó ń fọwọ́ nu àwo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A wá sọ fún Màmá pé a fẹ́ gbé wọn lọ jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì lọ́la.

Màmá wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí. "Ẹ fẹ́ gbé ọmọ ọdún méjì lọ jẹ ìrẹsì ní òtẹ́ẹ̀lì. Ìrẹsì ti tán nílé ni?"

Ọjọ́ Ẹtì. Ìjẹ̀bú-Òde

Òwúrọ̀ la fi rin ìlú. A kọjá lẹ́bàá ààfin, ọkọ mi ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé níbí ni àwọn ẹlẹ́ṣin ti máa ń wá kí ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Ó tún sọ fún wọn nípa Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà tó wàjà ní oṣù Keje ọdún 2025, lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́. Kẹ́hìndé béèrè bóyá ẹṣin ọba náà ń jẹ ìrẹsì. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti wọ̀ wọ́n lórí. Lọ́jà Òkè-Ajé, a ra ẹ̀bìrìpò, kókò rínrin tí wọ́n fi ewé wé sè, ₦300 ìdì kan, ó ṣì ń yọ ooru nínú ewé.

Ní ìrọ̀lẹ́, a wẹ àwọn ọmọ, a wọ̀ wọ́n ní áńkárá kan náà. Eyínfúnjowó ti pe ilé ìtura ńlá kan láti ọ̀sán, ó ti sọ fún wọn pé ọmọdé mẹ́ta wà nínú wa, wọ́n sì ní ká máa bọ̀. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ní aago 7 kọjá díẹ̀, ọmọkùnrin kan tó wọ táì na ọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì: ọmọ tí kò bá tó ọdún 10 kò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn inú lẹ́yìn aago 7. Eyínfúnjowó ní, "Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni?" Ó ní ẹlòmíràn ni, ẹni náà sì ti lọ sílé. Ó ní ká lọ jókòó sí abẹ́ àtíbàbà lẹ́bàá odò ìlúwẹ̀ẹ́, oúnjẹ kan náà ni, iye kan náà.

Oúnjẹ kan náà ni lóòótọ́. Ẹ̀fọn ni wọn ò kà mọ́ ọn. A bèèrè fún spaghetti fún àwọn ọmọ kó tètè dé, wọ́n ní gbogbo rẹ̀ ló máa jáde pọ̀. Wákàtí kan lé ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi dúró. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ń fi àkíṣà ìnuwọ́ ṣe ọkọ̀ òfurufú. Ní ogún, Ìdòwú ti wà lábẹ́ tábìlì. Ní ogójì, Táyé ti da omi sí Kẹ́hìndé lára, Kẹ́hìndé ti kígbe, Ìdòwú sì ti gbà á lẹ́nu rẹ̀ láìmọ ohun tó fà á. Nígbà tí ìrẹsì fi máa dé, àwọn Ìbejì ti sùn lórí àga, Ìdòwú nìkan ló kù tó ń fi ẹkún bọ ẹran adìẹ.

Owó tí wọ́n kọ lé wa lórí: jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìẹ àwo méjì, ₦12,500 lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹja àrọ̀ yíyan kan, ₦22,000, spaghetti ọmọdé méjì, ₦7,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, omi márùn-ún, ₦1,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ₦66,000. Wọ́n wá fi VAT 7.5% àti owó ìtọ́jú oníbàárà (service charge) 10% lé e, ó di ₦77,550. Ẹ bi wọ́n ṣáájú bóyá owó orí mẹ́nù ni òpin ọ̀rọ̀, torí ọ̀pọ̀ ibi ló ń kọ èyí sí ìsàlẹ̀ ìwé pẹ̀lú lẹ́tà tí a ní láti fi iná fóònù kà.

Ibi tí a ti ń dúró de oúnjẹ ni Eyínfúnjowó ti sọ nǹkan tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an, tí kò ti sọ tẹ́lẹ̀ torí pé fọ́tò ló ń fi hàn wá. Ó ní nínú ọkọ̀ náà, ilé oúnjẹ tó wà fún gbogbo ẹbí ju ẹyọ kan lọ, wọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀ fún yín ní alaalẹ́, ṣùgbọ́n àwọn wétà yín kò ní yí padà. Ibi tí ẹ bá lọ, wọ́n á tẹ̀ lé yín lọ síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di alẹ́ kejì, wétà ti mọ̀ pé ọmọ yìí kì í fẹ́ kí ọbẹ̀ kan ìrẹsì òun, kí wọ́n tó jókòó ni mílíìkì ti wà lórí tábìlì. Àwọn tó ní ọmọ kékeré máa ń mú ìjókòó àkọ́kọ́, nígbà tí alẹ́ kò tíì lẹ́, wọ́n á fi ìkejì sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní ẹni tó ń sùn lórí àga.

Ọkọ mi ní, "Ṣé ibi tí wọn kì í gba ọmọ wọlé kò sí níbẹ̀ ni?"

"Ó wà, Bùrọ̀dá mi. Wọ́n ń pè é ní Palo. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18 nìkan. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn tilẹ̀ wà, Virgin Voyages, gbogbo ọkọ̀ náà ni kò gba ọmọ. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó sanwó ló ti mọ̀. Kò sẹ́ni tó máa wọ áńkárá fún ọmọ kó tó wá gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà."

Ibẹ̀ ni mo dúró sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ohun tó burú nínú kí ilé oúnjẹ ní àwọn kò fẹ́ ọmọdé. Èèyàn tó sanwó kó lè bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ kò ṣẹ ọmọ mi. Kí wọ́n sọ ọ́ lórí fóònù ni ẹ̀tọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀pẹ́, padà sí Ìjẹ̀bú-Òde

Ìpínlẹ̀ Èkó ni wọ́n ka Ẹ̀pẹ́ sí, ṣùgbọ́n ẹnu tí a fi ń sọ̀rọ̀ nílé Màmá ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́ ti di alápá méjì báyìí, kò gbà wá ju ìdajì wákàtí lọ. Ẹ tètè dé ọjà ẹja Olúwo. Nígbà tí oòrùn bá ti là, àwọn ẹja tó dára ti wọ mọ́tò Èkó lọ. A ra ọ̀bọ̀kún mẹ́rin ₦9,000, lẹ́yìn tí wọ́n pe ₦14,000. ₦500 ni arábìnrin kan gbà láti bá wa tún wọn ṣe, ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé Táyé ní kó tún ṣe é kí òun rí i dáadáa. Ó tún un ṣe fún un pẹ̀lú èpìyà tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀: ó fi ọ̀bẹ gba ìpẹ́ láti ìrù wá sí orí, ó ṣí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó fi ìka méjì fa inú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó fi omi ṣàn án. Táyé gbàgbé láti pa ẹnu dé.

Lẹ́yìn náà la lọ sí etí omi, torí a ti ṣèlérí ọkọ̀ ojú omi fún wọn. Àwọn ọlọ́kọ̀ sọ ₦25,000 fún ìdajì wákàtí, a fi sí ₦15,000. Kí a tó sanwó, mo ní kí wọ́n fi jákẹ́ẹ̀tì ojú omi ti àwọn ọmọ hàn mí. Ti àgbàlagbà ni wọ́n kó jáde, wọ́n ní ká so ó mọ́ wọn nínú. Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Jákẹ́ẹ̀tì tó bá tóbi ju ọmọ lọ, omi á gbé e sókè, ọmọ á sì yọ́ jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ náà kò bínú o. Ó rán ọmọkùnrin kan lọ yá ti kékeré mẹ́ta wá lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní òdìkejì, a dúró dè é, kò fi kọ́bọ̀ lé owó wa. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Kí ẹ tó náwó ni kí ẹ bèèrè, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ti jókòó sínú ọkọ̀.

Omi ọ̀sà dákẹ́. Òṣíbàtà dì ní ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn apẹja ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ wọn ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìdòwú bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó jù ú sómi. Kí a tó sọ ohunkóhun, ó ti bọ́ ti òsì. Eyínfúnjowó gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí a máa fi ṣe.

Màmá dín ọ̀bọ̀kún fún oúnjẹ ọ̀sán, a sùn díẹ̀. Ní aago 5 kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, a wọ ilé ìtura mìíràn, tí òun náà tóbi, tó ní aṣọ funfun lórí tábìlì àti gíláàsì tó ga lẹ́sẹ̀. Eyínfúnjowó ló ní ká lọ ní ìjókòó àkọ́kọ́, bíi ti ọkọ̀ ojú omi. Èèyàn kò tíì pọ̀. Wétà wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí ọkọ mi, ó kí wa. Kó tó pín mẹ́nù ló ti ní, "Ẹ̀yin Mọ́mì, kí làwọn ọmọ máa jẹ? Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ tiwọn ná, kí àwọn àgbà tó máa yẹ̀wò." Mo wo Eyínfúnjowó, ó ń rẹ́rìn-ín. Dòdò àti ẹyin dínín dé kí a tó ka mẹ́nù tán. Ó mú bírò méjì àti ẹ̀yìn ìwé mẹ́nù àtijọ́ wá kí wọ́n máa fi yàwòrán. Àga gíga ọmọdé kan ṣoṣo ni wọ́n ní, bẹ́líìtì rẹ̀ sì ti já. Mo fi ìborùn mi di Ìdòwú mọ́ ọn, ó sì fara mọ́ ọn, nítorí dòdò wà níwájú rẹ̀.

Nígbà tí gbọ̀ngàn ti kún dé ìdajì, tí orin jẹ́jẹ́ ń lọ, tí àwọn ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, iná lọ. Òkùnkùn biribiri. Mo gbọ́ tí fọ́ọ̀kì bọ́ sílẹ̀ níbì kan. Mo na ọwọ́ mo di Ìdòwú mú. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé e. Bí iná ṣe tàn padà, àwọn Ìbejì dìde dúró lórí àga, wọ́n ju ọwọ́ sókè, wọ́n fi gbogbo agbára ọ̀nà ọ̀fun wọn pariwo: "Ọ́ọ̀pù NEPA!"

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí wa. Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì. Bàbá àgbà kan tó wọ àgbádá aṣọ òkè, tó dá jókòó ní igun pẹ̀lú gíláàsì wáìnì rẹ̀, gbé gíláàsì náà sókè díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ọ́ọ̀pù!" Àwọn oníkóòtù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó sì di ti gbogbo ilé. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá kọjá tábìlì wa ló ń fọwọ́ pa orí Ìbejì. Nígbà tí a bèèrè owó, wétà ní Bàbá igun ti san owó mọ́ọ̀tì méjì fún àwọn ọmọ. Ọkọ mi lọ dọ̀bálẹ̀ kí i. Bàbá ní òun náà ní ìbejì, wọ́n wà ní Kánádà, ariwo wọn ló ń wu òun.

₦58,000 la san lọ́jọ́ náà, VAT wà nínú rẹ̀. Wákàtí kan àti ìdajì la lò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó sunkún. Àwọn ọmọ kan náà ni o, kò ju ọjọ́ kan lọ láàárín méjèèjì. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé bí mo bá tún fẹ́ pe ilé oúnjẹ kan, mi ò ní bèèrè mọ́ bóyá wọ́n ń gba ọmọdé nìkan. Ìṣẹ́jú mélòó ni oúnjẹ ọmọ máa fi dé, àti bóyá ó lè ṣáájú ti àgbà, ni màá bèèrè. Àga gíga, mẹ́nù ọmọdé, bàlúùnù, ẹ̀yìn ìyẹn ni gbogbo rẹ̀ wà. Wétà tó mọ ìyẹn sàn fún mi ju òtẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ márùn-ún lọ.

Ọjọ́ Àìkú. Ìkẹ́nnẹ́, Ìlíṣàn

Lẹ́yìn ìsìn, a gba ọ̀nà Rẹ́mọ. Ọkọ mi fẹ́ kí àwọn ọmọ rí ilé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, ìlú tí wọ́n ti bí i ní ọdún 1909, tí wọ́n sì sin ín sí lẹ́yìn tó kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1987. Èmi rò pé yóò sú wọn. Ẹni tó mú wa yíká ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, Táyé kò fetí sí i, ó kàn ń wo àwòrán Bàbá tó dé fìlà, tó wọ awò ojú. Lójijì ló ti ọwọ́ bọ àpò kékeré rẹ̀, ó fa ₦100 tí ìyá ẹlẹ́pà fún un ní Ṣágámù jáde, ó gbé e sókè sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán. "Mọ́mì, Bàbá inú owó mi rèé!"

Ẹni tó ń mú wa yíká jókòó sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Ó tún bi wá lórúkọ àwọn ọmọ. Nígbà tó gbọ́ Ìdòwú, ó ní ẹ wá kí aya Bàbá, torí orúkọ yẹn wà nínú orúkọ Màmá HID: Hannah Ìdòwú Dídẹolú. Ó kù díẹ̀ kí Màmá pé ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n papò dà ní ọdún 2015. Ìdòwú tiwa ti sùn lẹ́yìn mi, kò mọ̀ pé wọ́n ń kí òun.

Ìlíṣàn kò jìnnà síbẹ̀. Yunifásítì Babcock ti ìjọ Adventist wà níbẹ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta sì ni ọjọ́ ìsinmi wọn, nítorí náà ẹ má fi oúnjẹ yín sí ọwọ́ àgbègbè ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ Àìkú dára. A jẹ àmàlà àti ewédú ní búkà kan tó mọ́, ₦2,500 àwo kan pẹ̀lú ẹran méjì. Ìyá olóúnjẹ bu ti àwọn ọmọ kí a tó jókòó, ó bu omi tútù sínú ewédú kó lè rọlẹ̀ fún wọn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ òtẹ́ẹ̀lì.

Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá ní òun máa tẹ̀ lé wa lọ sí òtẹ́ẹ̀lì náà. Ó ti gbọ́ ìròyìn "Ọ́ọ̀pù NEPA" lẹ́nu àwọn ọmọ, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa sọ fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wé gèlè, ó gbé àpò ńlá dání. A pe wétà wa láti Ìlíṣàn, ó ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí a dé, tábìlì kan náà ni, lẹ́bàá ògiri, àga gíga ti wà níbẹ̀, okùn tuntun sì wà lára rẹ̀. Dòdò Ìdòwú dé kí Ìdòwú tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Màmá gba mẹ́nù, ó na án jìnnà sí ojú, ó kà á. "Ìrẹsì. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá náírà." Ó tún kà á. Ó fi mẹ́nù sílẹ̀, ó ṣí àpò rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀bìrìpò ìdì mẹ́fà sórí aṣọ funfun náà, pẹ̀lú ike ọbẹ̀ ata tó ti bò lẹ́nu. Wétà rí i. Lójú mi, wọ́n máa ní ká gbé oúnjẹ ìta jáde ni, torí ìwé rẹ̀ wà lára ògiri. Ọmọkùnrin náà tẹ̀ síwájú, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ó ní, "Màmá, ṣé kí n bá yín gbé àwo wá?" Ó gbé àwo tanganran wá, ó tú ewé fún un, ó to ẹ̀bìrìpò sí i bí ẹni tó ń to ẹja olówó ńlá. Màmá ní kó mú ọ̀kan. Ó ní òun kò lè jẹun lẹ́nu iṣẹ́. Màmá wé e padà, ó fi sí i lápò.

Kí ẹnikẹ́ni má gbé oúnjẹ wọ òtẹ́ẹ̀lì nítorí ìtàn yìí o. Ẹ bèèrè ná. Bí ọmọ yín bá ní oúnjẹ kan tí ara rẹ̀ kò gba òmíràn, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń pè, ọ̀pọ̀ ibi ló máa gbà yín láàyè fún ọmọ kékeré.

Ọjọ́ Ajé. Padà sílé

A fẹ́ jáde ní ìdájí, Màmá ní ká dúró kí àwọn ọmọ mu ògì. Aago 9 ti lù kí a tó kúrò, a sì san án ní Ìbàfò, wákàtí méjì gbáko.

Àwọn tó ń bi mí léèrè àsìkò: ẹ má lọ nítorí oúnjẹ ní ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba. Gbogbo òtẹ́ẹ̀lì ló ń kún lákòókò yẹn, wétà tó dára jù lọ kò ní ráyè wo ojú ọmọ yín. Ẹ lọ nígbà tí ìlú dákẹ́, ní àárín ọ̀sẹ̀ bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ jókòó ní aago 5. Ẹ mú ife ọlọ́mọrí ọmọ yín dání. Káàdì báńkì yín lè kọ̀ ní ìgbà tí ẹ fẹ́ sanwó, nítorí náà ẹ mú owó díẹ̀ dání. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù wétà tó bá tọ́jú yín, ẹ fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, ẹ fún un ní nǹkan tó nítumọ̀, kì í ṣe ṣéńjì.

Eyínfúnjowó ra gààrí Ìjẹ̀bú kóńgò mẹ́wàá kí a tó kúrò, ₦1,600 kóńgò kan, ó ní àwọn ọmọ òun ní London kò gbọdọ̀ gbàgbé bó ṣe ń kan. Ọkọ mi bi í bóyá ó rántí ìwọ̀n ẹrù tí ọkọ̀ òfurufú gbà á láàyè. Ó ní òun máa kó aṣọ sílẹ̀ fún mi. Mo ti mú bùbá aláwọ̀ ewé kan nínú rẹ̀, kí ó tó yí ọkàn padà.